Bisikíìtì Wàrà Láti Galadimawa

Galadimawa, Abuja
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 2024

Abdulqoyum, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé níbi tí o wà. O kú òtútù, o kú iṣẹ́, o kú àdáwà. Shakirah àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Ara mi le, àfi etí yìí náà. Láti ìgbà tí ibà ọjọ́sí ti bá a jà, ohùn inú fóònù kàn ń hó létí mi bí ẹ̀rọ ìlọta ni, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé, tí Shakirah á wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kí o máa fojú hàn mí lórí fóònù, kí n kàn máa wò ọ́, o ní kámẹ́rà rẹ bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tí kámẹ́rà yẹn ti bàjẹ́ o, Qoyum. Tún un ṣe.

Ìròyìn tí mo ní rèé: mo ti ń yan bisikíìtì. Má rẹ́rìn-ín. Rosemary, aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òun ló kọ́ mi. Ó ra ófúnù gáàsì tuntun, gbogbo Sátidé ló sì fi ń yan nǹkan, òórùn rẹ̀ á fo ògiri wá bá wa nílé. Kì í ṣe bisikíìtì oníṣúgà o. Oníyọ̀ ni, wàrà àti ewé ló ń wà nínú rẹ̀. Ó ní wàrà òyìnbó ni wọ́n ń lò sí i. Mo ní ọmọ Ìlọrin ni mí, kí ni màá máa wá wàrà òyìnbó kiri sí? Lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan tó máa ń kí mi ní "sànnu" lẹ́nu ọ̀nà ọjà Utako ni mo ti ra tèmi, nígbà tí mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fún omi ara rẹ̀ dànù, mo rún un. A fi ìka ra bọ́tà mọ́ fúláwà títí ó fi dà bíi gàrí, a da wàrà sí i, a rún ewé sí i wẹ́wẹ́, a fi mílíìkì tútù pò ó. Rosemary ní kí n má pò ó bí ẹni tó ń ro ẹ̀bà, pé yóò le. Ìgò ni mo fi tẹ́ ẹ, ẹnu ife ni mo fi gé e. Nígbà tó jáde, etí rẹ̀ pọ́n, àárín rẹ̀ rọ̀. Mo dúró tì í, mò ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Adétáyọ̀, àbúrò Rosemary tí ẹ jọ wà ní Leeds, wá kí i, ọ̀la ló ń padà. Mo ti di agolo kan fún un kó gbé fún ọ. Ààwẹ̀ ti wọlé dé tán, kí o fi ṣínu. Sọ fún mi gan-an bó ṣe rí lẹ́nu rẹ. Má kàn wí pé ó dùn, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí n dákẹ́ náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Gàníyátù


Leeds
Ogúnjọ́, oṣù kẹta, ọdún 2024

Ìyá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú, kí Ọlọ́run gbà á ní ìjọsìn. Ẹ bá mi kí Shakirah àti Àǹtí Rosemary.

Adétáyọ̀ gbé agolo náà dé. Ẹ ṣeun, ọwọ́ yín kò ní í rọ. Òun ni mo fi ṣínu lọ́jọ́ tó dé gan-an. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn ẹfinrin gba gbogbo yàrá, àfi bíi pé mo wà lẹ́yìn ilé níbi tí ẹ ti ń já a. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Wàrà yẹn náà, bó ṣe kan ahọ́n mi ni mo ti mọ̀ pé wàrà ilé ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni pín in.

Ní ti kámẹ́rà, mo gbọ́. Iṣẹ́ ló pọ̀ nílé ìkẹ́rùsí tí mo wà, ọwọ́ mi kì í dilẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́ mọ́. Ìnira ni fún ẹni tó ń gbé e, ẹ̀yin náà sì ti ń dàgbà. Ẹ máa sinmi.

Ọmọ yín,
Abdulqoyum


Galadimawa
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta, ọdún 2024

Abdulqoyum,

Mo kí ọ. Mo rí lẹ́tà rẹ.

Kò sí ẹfinrin nínú bisikíìtì yẹn. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa èyí tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí mo sì rà ní Utako ti rọ kí n tó gbé e délé. Ewé òyìnbó gbígbẹ kan ni Rosemary mú wá láti ilé rẹ̀. Ó ní orúkọ ewé náà ni wọ́n fi sọ òun, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí. Òórùn rẹ̀ kò jọ ti ẹfinrin rárá, òórùn róòbù ni mo gbọ́ lára rẹ̀. Mo ti ń retí kí o bi mí pé, Màmá, ewé wo lẹ tún já sí i?

Kò sì sí iyọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà tí Adétáyọ̀ ti lọ tán ni Shakirah jẹ èyí tó ṣẹ́kù nílé, tó ní mo gbàgbé iyọ̀. Ojú tì mí. Mo ní ọmọ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ wá ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú.

Ta lo gbé e fún? Àbí inú àpò ìdọ̀tí lo dà á sí? Ṣé oúnjẹ ilé ti di ohun ìtìjú fún ọ lójú àwọn tí ẹ jọ ń gbé ni? Bó bá jẹ́ pé o ti fẹ́ obìnrin kan tí kò fẹ́ kí ohun tí ọwọ́ mi bá ṣe wọlé rẹ, sọ fún mi, kí n mọ̀. Pé o ò jẹ ẹ́ kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé o jókòó, o fara balẹ̀, o sì to irọ́ náà dáadáa fún mi.

Mo ṣì ń retí èsì.

Gàníyátù


Galadimawa
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 2024

Qoyum,

O kú ọdún Iléyá. A jẹ ẹran, a jẹun, ó kù díẹ̀ káàtó.

Ààwẹ̀ parí, a kírun ọdún, Iléyá dé, Iléyá lọ, o ò fèsì. Shakirah ní fóònù rẹ ń dún, o kì í gbé e. Bí mo bá béèrè lọ́wọ́ Rosemary bóyá Adétáyọ̀ ń rí ọ, á yára dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ìwọ̀nba etí tó kù fún mi yìí, n ò nílò rẹ̀ láti mọ ìgbà tí èèyàn bá ń sá fún ọ̀rọ̀.

Mo ti bínú tán. Bí o bá fẹ́, gbé bisikíìtì fún adìyẹ. Ṣáà kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, ọdún 2024

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí Shakirah jókòó tì yín bí ẹ bá ń ka èyí.

Kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí Adétáyọ̀ tó gbé agolo yín dé. Wọ́n máa ń so mí mọ́ ẹ̀rọ kan nílé ìwòsàn, á fa ẹ̀jẹ̀ mi jáde, á fọ̀ ọ́, á dá a padà. Bí mo bá ti ibẹ̀ dé, orí ibùsùn ni màá wà di ọjọ́ kejì. Mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Kámẹ́rà mi kò bàjẹ́. Ojú mi ló wú, mo sì mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí i pẹ́rẹ́, ẹ máa mọ̀.

Lára ohun tí wọ́n ní kí n má jẹ ni wàrà àti iyọ̀. Omi gan-an, ife kékeré ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún mi. Lọ́jọ́ tí agolo náà dé, mo gbé e sórí tábìlì, mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè ṣí i, màá jẹ ẹ́. Ni mo bá ní kí Adétáyọ̀ gbé e lọ kó jẹ ẹ́. Mi ò rí inú rẹ̀ rárá. Ohun tí mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi sí oúnjẹ ni mo kọ sínú lẹ́tà. Èmi ni mo bẹ Adétáyọ̀ pé kó má sọ fún yín, ẹ má bínú sí Àǹtí Rosemary. Mi ò fẹ́ obìnrin kankan. Ta ló máa fẹ́ mi báyìí?

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Àwọn dókítà ní irú èyí máa ń tinú ẹbí wá. Wọ́n bi mí pé kí ló pa bàbá mi. Mo ní eruku òkúta Mpape ni, pé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ló ti ṣiṣẹ́ títí tí àìsàn fi dá a dúró. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ní, "Ṣé ara rẹ̀ wú?"

Mo kéré nígbà náà, mi ò rántí dáadáa. Ìyá mi, ṣé ara rẹ̀ wú?

Abdulqoyum


Galadimawa
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, ọdún 2024

Ọmọ mi,

Ó wú.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ló kan ojú. Èémí rẹ̀ ń já, gbogbo wa sì gbà pé eruku òkúta ni, nítorí òun nìkan kọ́ ló ń wúkọ́ ní Mpape. Àwọn ará Ìlọrin tó wá kí i sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àgbo ẹ̀dọ̀fóró ni a ń sè fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni Jàbárù bàbá rẹ fi kú lójú wa, ibòmíràn ló ti ń kú.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì tí lẹ́tà rẹ dé. Mo ní kí wọ́n yọ kíndìnrín mi kan fún ọ. Dókítà náà jẹ́ ọmọ kékeré, ó níwà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé fún mi kí n lè kà á. Wọ́n gún mi níka, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára mi, pé kò sẹ́ni tó máa gba ohunkóhun lára mi. Shakirah ló ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ. Tèmi ni wọ́n máa mú." Ó ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un là ń retí.

Mo tún yan bisikíìtì. N ò fi wàrà sí i, n ò fi iyọ̀ sí i, bọ́tà tí kò níyọ̀ ni mo wá kiri Utako títí mo fi rí i. Òjò ti mú ẹfinrin ẹ̀yìn ilé hù padà, mo rẹ́ ẹ sí i dáadáa. Rosemary tọ́ ọ wò, ó ní, "Màmá Qoyum, kí ló wá kù nínú rẹ̀?" Mo ní èyí tí wọ́n gbà kí ọmọ mi jẹ ló kù. Bi àwọn dókítà rẹ bóyá ẹfinrin bá ọ lára mu. Bí wọ́n bá gbà, màá wá ẹni tó ń bọ̀.

Fojú hàn mí. Wíwú tó bá wú, èmi ni mo bí i.

Gàníyátù


Galadimawa
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín. Èmi Shakirah ni. Màmá ò lè kọ èyí.

Nígbà tí ẹ kọ̀wé pé àwọn dókítà gbà kí ẹ jẹ ọ̀kan tàbí méjì nínú bisikíìtì aláìníyọ̀ náà, inú Màmá dùn débi pé wọ́n gbé lẹ́tà yín lọ han àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń yan án, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kí ẹni tó máa gbé e tó dé. Ojú yín tí ẹ fi hàn wọ́n náà, wọ́n wò ó, wọ́n sọ pé wíwú náà kò tó ti bàbá. Ìrètí wà nílé wa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ànà ni wọ́n pè wá fún èsì àyẹ̀wò mi. Wọ́n ya fọ́tò ikùn mi, wọ́n sì tún yà á. Dókítà náà kò ríbi kọ ọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí, bóyá ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láti kọ ọ́ ni. Ó gbé ohùn sókè kí Màmá lè gbọ́, gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì gbọ́ pẹ̀lú wa. Ó ní, "Ìyá, ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà lára òun náà. Kò lè fún ẹnikẹ́ni."

Màmá ní, "Ta ni?"

Ó tún un sọ, ó nawọ́ sí mi.

Ó ní tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, pé òògùn á lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, pé kò lè dá a dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Nígbà tí a dé oríta Galadimawa, Màmá ní kí ọkọ̀ já wa sílẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn délé. Wọ́n wọ kíṣìnnì, wọ́n da fúláwà sínú abọ́. Wọ́n bi mí pé kí ni àwọn máa yọ kúrò nínú tèmi. Mo ní wọn ò tíì ka nǹkan kan léèwọ̀ fún mi. Wọ́n wá lọ yan oríṣi méjì ní ófúnù Àǹtí Rosemary: tiyín tí kò ní wàrà, àti tèmi tó ní wàrà. Nígbà tí wọ́n kó wọn jáde, wọ́n dà wọ́n pọ̀ sínú àwo kan ṣoṣo láìfura. Ara fúláwà ti bo wàrà náà, kò ṣeé fojú yà sọ́tọ̀. Mo ní kí n tọ́ wọn wò, kí n fi mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Wọ́n ní rárá, pé bí mo bá ṣì ọ̀kan mú ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó dànù. Ẹni tí ì bá gbé e wá fún yín lọ láìgbé nǹkan kan dání.

Ẹ má bínú sí mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣèlérí.

Shakirah


Leeds
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejìlá, ọdún 2024

Ìyá mi, àti Shakirah àbúrò mi,

Mo kí yín. Ẹ má wá ẹnikẹ́ni fún mi mọ́.

Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń dúró de kíndìnrín. Ọkàn mi ti rẹ̀, wọ́n ní kò lè gba iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ náà gan-an ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n kọ̀wé sílé ná.

Shakirah, o ò jẹ mí ní gbèsè ìlérí kankan. Ohun tí ẹ bá ní nílé, ara rẹ ni kí ẹ ná an lé. Lo òògùn rẹ, má fi ọjọ́ kan jẹ.

Ìyá mi, bí mo bá kú, ẹ má ní kí wọ́n gbé mi wálé. Wọ́n á há mi mọ́ ibì kan nínú òtútù títí wọn á fi rí bàlúù, ẹ̀yin náà á sì fa gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ fi tọ́jú Shakirah tán lórí òkú. Adétáyọ̀ kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ lé mi lọ bá lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí tí mo ti ń kírun. Wọ́n ní ilẹ̀ ìsìnkú. Wọ́n á wẹ̀ mí, wọ́n á kírun sí mi lára lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà.

Ọmọ yín,
Abdulqoyum


Galadimawa
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejìlá, ọdún 2024

Abdulqoyum,

N ò gbà.

Ìlọrin ni baba rẹ wà, Ìlọrin ni baba tó bí i wà. Àlejò kì í sùn sílé onílé títí láé. Ta ni yóò máa bá mi lọ kí ọ? Ta ni yóò mọ̀ ọ́ níbẹ̀?

Má tún bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Jẹ ohun tí wọ́n bá ní kí o jẹ, kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ náà.

Ìyá rẹ


Galadimawa
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 2025

Qoyum mi,

Àlàáfíà fún ọ. Rosemary ní o ò lè di fóònù mú mọ́, pé Adétáyọ̀ ló ń ka lẹ́tà sí ọ létí. Adétáyọ̀, mo kí ọ. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ. Kà á fún un díẹ̀díẹ̀, bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, kí o dúró.

Ẹsẹ̀ Shakirah ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò sọ fún mi. Bàtà mi ni mo rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí tirẹ̀ kò gbà á mọ́, ni mo bá tún lọ wo ojú rẹ̀. Òun náà ń wò mí. Ó bá tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Rosemary gbé fúláwà àti bọ́tà wá ní Sátidé, ó ní kí n wá ká jọ yan nǹkan, pé ó lè gbé ọkàn mi kúrò níbẹ̀. Mo bá a débi ófúnù. Ó tan iná sí i, ó ń dúró kí n bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìka kan fúláwà, ọwọ́ mi kò ṣe é. N ò rí ẹni tí mo fẹ́ yan án fún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo padà wálé. N ò rò pé màá tún yan án mọ́.

Mo ti rò ó títí. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé ọ wá, owó òògùn Shakirah ni màá fi gbé ọ. Òkú kan àti aláìsàn kan, èmi náà ni mo bí àwọn méjèèjì, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan.

Mo gbà. Kí wọ́n sin ọ́ síbẹ̀.

Sọ fún lèmọ́mù náà pé Abdulqoyum ọmọ Jàbárù ni ọ́, ará Ìlọrin, kí wọ́n pe orúkọ baba rẹ pẹ̀lú tìrẹ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àdúà. Mo forí jì ọ́ nínú gbogbo ohun tó wà láàárín wa, kí ìwọ náà forí jì mí.

Adétáyọ̀, bó bá ti ṣẹlẹ̀, má pe Shakirah. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí o pè, kó wá kan ilẹ̀kùn mi. Èmi ni màá sọ fún Shakirah, bí mo bá rí bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Ó dàárọ̀, ọmọ mi.

Gàníyátù